Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá kọ́ ló ń pa ayò: lẹ́tà méje lọ́wọ́, ọgbọ́n nínú, ni Wellington fi gba adé ayé

Bí ìyá kan bá ti ọjà dé lálẹ́, tó bá ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń to lẹ́tà gẹ̀ẹ́sì kiri orí pátákó, ohun tó máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Gbé ìwé ẹ, jàre! Eré lo jókòó tì yìí." Bàbá tó jẹ́ mẹkáníìkì náà á dá sí i pé, "Ayò àwọn akọ̀wé nìyẹn. Kí ni tiwa níbẹ̀?"

Àwọn méjèèjì ló ṣì í.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, ní ìlú Perth, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ọmọ Nàìjíríà kan, Wellington Jighere, ọmọ ìpínlẹ̀ Delta, na Lewis Mackay, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 4 sí òdo, ó sì gba adé ayò Scrabble gbogbo ayé. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ààrẹ Buhari fúnra rẹ̀ pè é lórí fóònù láti kí i. Ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ayé ń sọ lẹ́yìn ìdíje náà ni FELTY, tó fi gba máàkì 36. Ohun tó bá rí bí aṣọ òwú ẹran tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àkẹtẹ̀ òyìnbó, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà 5 péré ni!

Báwo ni wọ́n ṣe ń ta ayò yìí? Ègé pẹlẹbẹ 100 ló wà nínú àpò. Lẹ́tà wà lára 98, 2 yòókù kò ní nǹkan kan lára, ẹni tó bá mú wọn á sọ wọ́n di lẹ́tà tó bá wù ú. Olúkúlùkù á ti ọwọ́ bọ àpò láìwò, á mú 7, á sì wá ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì tó lè fi wọ́n kọ.

Alfred Butts, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ya àwòrán ilé, ló dá a sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1939, tí owó wọ́n níta. Ó gbé ìwé ìròyìn, ó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde. Ìṣirò rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọjà: ohun tó bá pọ̀ á rọ̀, ohun tó bá ṣọ̀wọ́n á gbówó lórí. E wà ní ègé 12, máàkì 1 lowó rẹ̀. Q kò ju ẹyọ 1 lọ, máàkì 10 ni.

Ibi tí ọgbọ́n wà gan-an ni wíwá ọ̀rọ̀. Ká ní A, E, M àti T ló wà lọ́wọ́. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ wọn bí wọ́n ṣe tò kò ní rí nǹkan kan. Àfi kó yí wọn po. Á rí MEAT, ẹran. Á rí TEAM, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Á rí MATE, ẹgbẹ́ ẹni, àti TAME, ẹran tí ojú rẹ̀ ti là mọ́ èèyàn. Bó bá yọ lẹ́tà kan, ó di TEA, EAT, MAT. Èwo ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbọ́ ládùúgbò níbẹ̀?

Bí S bá wá bọ́ sí i, TEAM á di TEAMS, àyípo mìíràn á sì di STEAM, ooru omi gbígbóná. S 4 péré ló wà nínú àpò, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀ta fi máa ń so ó mọ́ra bí ìyálọ́jà ṣe ń so owó mọ́ etí aṣọ. Wọ́n tún máa ń wá ìrù ọ̀rọ̀, bí ING, ED àti ER. Wọ́n á wá orí, bí RE àti UN. Lẹ́tà 7 tó wà nínú TRAINER, ẹni tó ń kọ́ni níṣẹ́, náà ló wà nínú RETRAIN, kí wọ́n tún ẹni kọ́, àti TERRAIN, bí ilẹ̀ ibì kan ṣe rí. Ẹni tó bá lo gbogbo 7 lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀bùn máàkì 50 ń bẹ fún un.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Nàìjíríà kì í fi ojúkòkòrò lé 50 yẹn. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni wọ́n fi gbajúmọ̀. Wọ́n á ná díẹ̀, wọ́n á tọ́jú lẹ́tà tó dáa fún ọ̀la, wọn ò sì ní ṣílẹ̀kùn fún alátakò. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹni tó bá ṣì ń sọ pé òun ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, kó gbọ́ ti Nigel Richards, ọmọ New Zealand. Ní ọdún 2015 kan náà, ó gba adé ayò yìí ní èdè Faransé, kò sì lè fi Faransé sọ̀rọ̀! Bí ọ̀sẹ̀ 9 ló fi ka ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ èdè wọn sórí. Ní 2024, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní èdè Spéènì.

Òótọ́ ni pé ayò kò lè rọ́pò ìwé kíkà, ọmọ tó bá mọ ọ̀rọ̀ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ìdajì ló mọ̀. Àmọ́ ọmọ tó ń yí MEAT di TEAM ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó sì ń kọ́ sùúrù. Kò ná ìyá rẹ̀ ní nǹkan ńlá: páálí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tó o, gbẹ́nàgbẹ́nà sì lè fi àjẹkù pátákó ṣe é. Bí ìyá bá tún ti ọjà dé lálẹ́, kó sọ igbá kalẹ̀, kó jókòó ti ọmọ, kó ní, "Mú lẹ́tà tèmi fún mi." Ẹni tó ti fi ọjà kékeré tọ́ ọmọ, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń ná ohun tó wà lọ́wọ́.