Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹnu bá ní "kò sí nǹkan", ojú ni Yorùbá máa ń wò kó tó gbà, nítorí ẹni tó sunkún kó tó wá ṣílẹ̀kùn lè tún ohùn ṣe, kò lè tún ojú ṣe. Nínú gbogbo ohun tí àrùn kòrónà gbà lọ́wọ́ wa láti ọdún 2020, bí a bá ti mú ti ẹ̀mí èèyàn kúrò, mi ò rí èyí tó tó ojú. Ó fi ìbomú bo ìdajì rẹ̀, ó ti ìdajì tó kù mọ́lé. Àwọn kan ń sọ pé a ti gbà á padà, pé òde ayẹyẹ ti kún, pé ọjà ti ń pariwo bíi tàtijọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún náà ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn náà ti wọ Nàìjíríà, lára ọkùnrin ará Ítálì kan tó ti ìlú Milan bà sí Èkó, tó sì ti dé Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, àrùn náà ti ń tàn kálẹ̀. Ní agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ìjọba àpapọ̀ ti Èkó àti Àbújá pa fún ọ̀sẹ̀ méjì, ti Ògùn sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. Ọ̀sẹ̀ méjì bí òmíràn, ó di ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kónílé-ó-gbélé ni ọ̀pọ̀ èèyàn pè é. Àwọn mìíràn pè é ní ìséde.

Ìséde yìí ni mo fẹ́ ká dì mú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí rédíò dá sílẹ̀ ní 2020. Ó ti pẹ́ tí ìlú ti ń séde fún Orò. Kí ó tó jáde, wọ́n á ti kéde, onílé á ti ra ohun tó fẹ́ jẹ, àlejò á ti mọ ibi tí yóò sùn, gbogbo ìlú á sì mọ ìgbà tí yóò parí. Nítorí náà, nígbà tí mo ń gbọ́ pé àṣà òyìnbó ni kéèyàn ta kété sí èèyàn, pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ò gbà á, mo mọ̀ pé ẹni tó ń sọ ọ́ ò tíì bi àgbà ilé rẹ̀ léèrè. Ẹ wo ìkíni wa gan-an. Ta ló ní dandan ni ká bọ ara wa lọ́wọ́? Ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ àti èyí tó kúnlẹ̀, ibi tí wọ́n wà ni àgbà ti ń gbọ́ "ẹ káàárọ̀" wọn. Ìbọwọ́ ló kọjá omi wá bá wa. Ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ pàdánù nígbà kòrónà ni ọwọ́ àgbà tó máa ń gbá ọmọ lẹ́yìn pẹ́pẹ́ bó ti ń súre fún un. Ọwọ́ yẹn kì í ṣe ohun kékeré, ṣùgbọ́n ìkíni dúró láìsí i.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ti Ṣọ̀pọ̀ná, àrùn àti òrìṣà tí àwọn baba wa bẹ̀rù débi pé wọn kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀gbóná. Bí ó bá wọ agboolé kan, wọ́n á ní ilẹ̀ gbóná níbẹ̀, ẹsẹ̀ àlejò á sì yà. Ẹni tó bá pa, àwọn àwòrò rẹ̀ ló ń gbé e lọ sin sínú igbó, wọ́n á sì kó aṣọ àti ẹrù rẹ̀ lọ. Kò sí ẹkún, kò sí aṣọ ọ̀fọ̀, kò sí ìnáwó ìsìnkú. Ọpẹ́ ni ẹbí gbọ́dọ̀ dú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe òrìṣà náà ní Alápadúpẹ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló lé àrùn yẹn kúrò láyé, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde òpin rẹ̀ ní 1980. Mo gbà pé ọgbọ́n wà nínú bí ẹsẹ̀ àlejò ṣe ń yà. Ṣùgbọ́n mo máa ń ronú nípa ìyá tó ní láti dúpẹ́ lórí òkú ọmọ rẹ̀. Ibo ni ẹkún rẹ̀ gbà lọ? Títakété kò kọjá agbára Yorùbá rí. Ohun tó ń wọ eegun wa lọ ni ẹkún tí a gbé mì, tí ẹnikẹ́ni ò padà wá bá wa sun.

Àjàkálẹ̀ àrùn kì í tú èèyàn ká lásán, ó tún máa ń kó àwọn mìíràn jọ. Ní oṣù kẹsàn-án 1918 ni ọ̀fìnkìn burúkú bá ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí Èkó, tó sì tàn wọ àwọn ìlú òkè. Lùkúlùkú ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ àrùn tó ń pa adìyẹ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àwọn onítàn fojú bù ú pé nǹkan bí 500,000 èèyàn ló bá a lọ ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, ọdún yẹn náà ni Joseph Shadare àti ọ̀dọ́bìnrin kan, Sophia Odunlami, pẹ̀lú àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Saint Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde, kóra wọn jọ láti máa gbàdúrà fún àwọn aláìsàn. Wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Òkúta Iyebíye. Bí ẹ bá tọpa Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi tó wà káàkiri lónìí, ẹ óò kan ẹgbẹ́ àdúrà yẹn. Ìbẹ̀rù ikú ló kó wọn jọ lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn lọ, wọn ò tú ká.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú tèmi. Ní oṣù kẹrin 2020, nígbà tí ìròyìn àwọn jàǹdùkú ń dẹ́rù bà wá lójoojúmọ́, láti Agége àti Ìfàkọ̀-Ìjàyè títí wọ Alákùkọ àti Sángo Ọ̀tà, àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àdúgbò lóru. Wọ́n dáná sun táyà ní ìkóríta, wọ́n mú igi àti àdá dání. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹni tó ń fi mọ́tò wọlé, tí í fi mọ́tò jáde, tí a kì í rí ju gíláàsì dúdú mọ́tò rẹ̀ lọ, ó jókòó ti bíríkìlà lórí búlọ́ọ̀kù, àwọn méjèèjì jọ ń mu gààrí. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti jọ ń gbé òpópónà kan náà, alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n tó mọ orúkọ ara wọn. Bí mo bá rí wọn lónìí tí wọ́n ń kí ara wọn, mo máa ń rántí èéfín táyà yẹn.

Ti ebi ń kọ́? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìjọba ní ká ta kété síra wa, ó ń sọ ọ́ fún ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ń sìn. Ó ní ká má jáde, ó ń sọ ọ́ fún alábàrù tó jẹ́ pé ohun tó bá rù láàárọ̀ ni yóò jẹ lálẹ́. Ó dun onílù, ó dun alásè, ó dun alága ìjókòó àti àwọn tó ń yá èèyàn ní àga àti ìbòrí, nítorí inú ayẹyẹ ẹlòmíràn ni oúnjẹ wọn wà. Nígbà tí oṣù kẹwàá dé, tí àwọn èèyàn rí i pé oúnjẹ ìrànwọ́ kún ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza l'Ékòó, wọ́n já a, wọ́n kó o. Orò máa ń fún ìlú láyè kí ó tó séde. Ìséde ti 2020 kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ìkòkò rẹ̀ wà lórí iná. Ibẹ̀ ni mo ti dá ìjọba lẹ́bi, mi ò sì tíì yí ìdájọ́ mi padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkú ló gbé mi dé ibi ìwé yìí.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹfà 2020 ni Abíọ́lá Ajímọ̀bi, gómìnà Ọ̀yọ́ tẹ́lẹ̀, kú l'Ékòó nípasẹ̀ àrùn náà. Lọ́jọ́ 28 oṣù náà ni wọ́n sin ín sí ilé rẹ̀ n'Íbàdàn, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣe gómìnà fún ọdún mẹ́jọ! Ní ìgbà mìíràn, Ìbàdàn ì bá dúró sójú kan. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún irú rẹ̀, kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀ ní ilé mẹ̀kúnnù? Pápákọ̀ òfuurufú ti tì sí ọkọ̀ òkè òkun láti ọjọ́ 23 oṣù kẹta, wọn ò sì ṣí i títí di ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston, ní Toronto, tí wọ́n ti ń dá owó ìsìnkú ìyá wọn jọ nítorí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀, kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé wọn wálé.

Aládùúgbò mi kan sin ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú ní oṣù karùn-ún yẹn. Àkọ́bí màmá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, nọ́ọ̀sì ni, òun fúnra rẹ̀ sì ń tọ́jú àwọn tí kòrónà dá dùbúlẹ̀. Àbúrò rẹ̀ gbé fóònù sókè lẹ́bàá sàréè kí ẹ̀gbọ́n lè máa wò ó. Bí wọ́n ti fẹ́ bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́, nẹ́tíwọọ̀kì lọ. Nígbà tó fi máa padà dé, wọ́n ti kún ilẹ̀ tán. Aládùúgbò mi sọ fún mi pé ohun tí òun rántí jù nínú ọjọ́ náà ni ohùn ẹ̀gbọ́n òun láti inú fóònù: "Ẹ ti ṣe é ni? Ẹ ti ṣe é ni?"

Àwọn èèyàn ọlọ́gbọ́n kan ń sọ pé ẹ̀kọ́ rere ni kòrónà kọ́ wa. Wọ́n ní a ti mọ̀ pé èèyàn lè gbéyàwó pẹ̀lú èèyàn ogún, pé ìkómọ lè wáyé ní pálọ̀ láìsí kánópì, pé a lè sin òkú láìjẹ gbèsè aṣọ ẹbí. Mo bá wọn gbà á tọkàntọkàn. Mo ti rí ilé tí wọ́n tà nítorí ìsìnkú, kò sì yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ mọ́. Ibi tí ọ̀nà èmi àti wọn ti yà ni ibi tí wọ́n ti sọ pé bí ayẹyẹ bá ti lè kéré, ìbẹ̀wò náà lè kéré, pé kéèyàn fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ti tó. Owó dára, ó ń ra pósí. Ṣùgbọ́n owó ò lè rí ojú. Ta ni yóò rí i pé opó kan ti gbẹ? Ta ni yóò rí i pé bàbá tó ń sọ lórí fóònù pé "a wà dáadáa" ò tíì gé irun rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta?

Èyí gan-an ni ohun tí mo ń pè ní ojú tí a ò tíì gbà padà. Nígbà tí ìjọba ní ká má lọ, a ò lọ, ó sì tọ́. Àìlọ wá di bárakú. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kì í ṣe èèyàn burúkú rárá: "Mo ti pè é." Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde láti ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún 2023 pé àrùn náà kì í ṣe pàjáwìrì mọ́. Àwọn tí a kà pé ó pa ní Nàìjíríà lé ní 3,100, a sì mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ kọ́ la kà. Ikú tí ì bá pani, bó bá ṣí ni ní fìlà, ká máa dúpẹ́. Àwa tó kù, kò sí ohun tó ń dá wa dúró mọ́ bí kò ṣe ara wa.

Àṣà wa sì ti lànà rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dọ̀ Yorùbá, sínsin òkú yàtọ̀ sí òkú ṣíṣe. Ẹni tí ogun tàbí ìrìn àjò ò jẹ́ kí ó ṣe òkú baba rẹ̀ lọ́dún tó kú, ó lè ṣe é lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbánikẹ́dùn. Kò ní ọjọ́ tí a ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín. Ẹ ronú kan ẹnìkan tó sin èèyàn rẹ̀ nígbà ìséde, tí ẹ kàn fi fóònù kí. Gbogbo wa la ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí ilé rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ óò tún ọgbẹ́ dá, ọgbẹ́ náà ò tíì jinná. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì ní kó sọ bí ọjọ́ yẹn ṣe rí fún yín. Èmi yóò lọ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò mi lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọlé láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fẹ́ lọ síbi sàréè màmá wọn, wọ́n sì ní kí n bá àwọn lọ.