Ẹni Tó Ń Kọ́ni Náà Ń Kọ́

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe ògbufọ̀ níbi tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ń dá àwọn obìnrin tó ń yan gààrí lẹ́kọ̀ọ́. Mo máa ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu àlejò, n ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn ìyá tó jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi. Bí àlejò bá ti sọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn tí yóò jàǹfààní rẹ̀, gbólóhùn kan náà ló máa ń bọ́ lẹ́nu mi: "Wọ́n gbé ìmọ̀ wá fún yín."

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan tí iná agbada ti sọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di líle bí èèpo igi dá mi dúró. Ó ní, "Ọmọ mi, bá mi bi wọ́n, ṣé òfìfo ni wọ́n bá wa ni?" Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, n kò sì túmọ̀ ìbéèrè yẹn. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ẹ̀rọ ìyan-gààrí tí wọ́n gbé wá lọ́jọ́ náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ dìde dúró kó tó lè lò ó. Àwọn ìyá wa sì rèé, ìjókòó ni wọ́n máa ń yan gààrí láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wọn ìbá ti sọ ọ́ bí ẹnì kan bá bi wọ́n. Nígbà tí bẹ́líìtì rẹ̀ já, a wá irú rẹ̀ títí lọ́jà, a kò rí. Àwọn ìyá padà sídìí agbada wọn, adìẹ sì ń yé sínú ẹ̀rọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí, "kọ́". Ẹni tó lọ síbi iṣẹ́ télọ̀ ń kọ́ iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ sì ń kọ́ ọ níṣẹ́. Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ méjì pín wọn níyà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ni gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́, ìyẹn náà sì jẹ́ ẹ̀kọ́.

Gààrí fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Láàárín ọdún 1500 sí 1600 ni àwọn Potogí ti gbé ẹ̀gẹ́ láti Gúúsù Amẹ́ríkà wá sí etíkun wa. Síbẹ̀, kò gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa fún ìgbà pípẹ́, nítorí májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́, ọgbọ́n tí a fi ń mú un kúrò kò sì bá igi rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn ọdún 1800 ni àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ wa tó ti oko ẹrú Bràsíl padà sí Èkó àti Àjàṣẹ́, mú ọgbọ́n rírin, fífún àti yíyan rẹ̀ dé. Àwọn ìyá wa fi tiwọn kún un: wọ́n jẹ́ kó kan nínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan. Ibẹ̀ ni kíkan gààrí Ìjẹ̀bú ti wá.

N kò ní kí àlejò má wá o. Sang Ki Hahn, ọmọ Kòríà, dé sí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, lọ́dún 1971, ó sì bá wa mú ẹ̀gẹ́ tó ń kojú àrùn jáde. Àwọn ará Ìkirè fi í jẹ Sẹ́ríkí Àgbẹ̀ lọ́dún 1983. Ẹni tó bá wa ṣe é, a mọ oore rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Ọkọ Ìyàwó. Ẹ̀gẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ wa ń gbìn ni, àwọn ló sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tó dé ilé ìwádìí, wọ́n pè é ní TME 7. Ó wà lára àwọn ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ tí àrùn tó ń ká ewé kò, tó sì ń mú kó ní àbàwọ́n ìyeyè, kì í tètè rí gbé ṣe. Àwọn onímọ̀ ń fi irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ bí òmíràn títí dòní. Ta ló kọ́ ta níbẹ̀? Ẹni tó ń yan igi tó dára sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, tó ń gé e fún aládùúgbò rẹ̀, ọ̀mọ̀wé lòun náà.

Lọ́dún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ ọ́ sínú àfojúsùn rẹ̀ kẹtàdínlógún pé kí àwọn orílẹ̀-èdè máa pín ìmọ̀ lórí àdéhùn tí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ rere ni. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn náà dé abẹ́ igi tí àwọn ìyá wa jókòó sí. Kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ bi alágbada léèrè kí wọ́n tó jó irin rẹ̀ pọ̀. Kí alágbẹ̀dẹ ìlú mọ bí a ti ń tún un ṣe. Kí orúkọ tí àgbẹ̀ sọ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ máa bá nọ́ńbà ilé ìwádìí rìn nínú ìwé.

Kí àwa ògbufọ̀ náà sì máa túmọ̀ lọ, ká máa túmọ̀ bọ̀. Bí mo bá tún jókòó sáàárín àlejò àti ìyá yẹn, ìbéèrè rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, n ó sì dúró gba èsì.