Mílíìkì sóyà ò sọ ọkùnrin kankan di obìnrin

Ẹ gbọ́ ná. Àbúrò mi ọkùnrin kọ ògì láàárọ̀ yìí torí mo bu mílíìkì sóyà sí i. Ó ní ọmú máa yọ sóun láyà. Háà!

Òótọ́ ni pé isoflavone inú sóyà jọ estrogen, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àkójọ ìwádìí tó jáde ní 2010 àti 2021 ò rí i pé ó ń dín testosterone ọkùnrin kù.

Ẹ̀yin tó ń tà á bíi gbogboǹṣe náà, ẹ rọra. Èyí tá à ń sè nílé ò ní calcium tó ti màálù.

Sóyà tí ò jinná ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ó máa ń da inú rú. Ẹ jẹ́ kó hó dáadáa.

Mílíìkì inú agolo ti wọ́n jù. Ẹ má fi irọ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wa.