Ọ̀nà Kan Ò Wọjà, Àmọ́ Kì Í Ṣe Gbogbo Ọ̀nà Ló Dé Ọjà

Bí ọ̀rọ̀ ìjọ bá ti délẹ̀ láàárín àwa Yorùbá, òwe kan wà tó máa ń yára dé ẹnu: ọ̀nà kan ò wọjà. Kí ọmọ Áńgílíkà àti ọmọ Dípà máa jiyàn lórí ìtẹ̀bọmi nínú dánfó tó ń ti Pen Cinema lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, kò ní pẹ́ tí ìyá kan lẹ́yìn ọkọ̀ yóò fi ní ọ̀nà kan ò wọjà, gbogbo ọkọ̀ á sì pa lọ́lọ́. N kò bá òwe náà jà; ẹni tó pa á kò purọ́. Bí a ṣe ń fi í pa ẹnu ara wa dé ni mo ń bá wí. Ará Oko Ọba tó fẹ́ ra nǹkan lọ́jà Agége lè gba Fágbà, ó sì lè gba ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta àtijọ́. Yóò dé ọjà. Ṣùgbọ́n bó bá kẹ́yìn sí Agége tó ń lọ, Sángo Ọ̀tà ni yóò bá ara rẹ̀, òwe kankan kò sì ní gbé e padà. Ọ̀nà pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó yẹ ká lè béèrè lọ́wọ́ ara wa ibi tí ọ̀nà ń lọ. Ohun tí mo rí ni pé àríyànjiyàn àwa ọmọlẹ́yìn Kristi kéré jù, ẹ̀gàn wa ló pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká dé odò ẹran Oko Ọba, èyí tó tóbi jù lọ ní Èkó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn alápatà ti ń da màlúù dé ilẹ̀, tí wọ́n ń yí orí rẹ̀ sí ìlà-oòrùn, tí ẹni tó mú ọ̀bẹ ń ṣe Bísímílà kó tó dúńbú rẹ̀. Nígbà tí oòrùn yóò bá fi yọ, ẹran, ṣàkì, fùkù àti ẹ̀dọ̀ ti wà lórí kẹ̀kẹ́, àwọn ìyá ẹlẹ́ran ń gbé e lọ sí Ògbà, Ìyánà Ìpájà àti Ìkẹjà. Ẹran yìí kan náà ni àwọn ìyá ìjọ fi ń se ọbẹ̀ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. N kò tíì rí ọmọ Rìdíìmù tàbí ọmọ Kátólíìkì tó bi alápatà léèrè irú àdúrà tó ṣe sí i lórí. Pọ́ọ̀lù ti gba àwọn ará Kọ́ríńtì níyànjú láti ọjọ́ yìí wá pé kí wọ́n má da ara wọn láàmú nítorí ẹran ọjà, a sì gbà fún Pọ́ọ̀lù.

Bí Iléyá bá dé, tí Àlájì ilé kejì gbé àwo ẹran àgbò ránṣẹ́, a ó gbà á, a ó dúpẹ́, a ó kí wọn kú ọdún. Àmọ́ kí ìyá onísùtánà funfun tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ gbé ìrẹsì àti ẹran wá láti ibi ìdúpẹ́ ìjọ rẹ̀, ojú á yí. Àwọn kan á gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n á sì dà á sí gọ́tà bó bá ti kẹ́yìn sí wọn, wọ́n ní wọ́n ti tan àbẹ́là sí i. Ìyá yìí ń pe Jésù ní Olúwa. Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí, tó jáde lódindi ní 1884, ni òun náà ń kà. Òun wá ni a kò lè jẹ oúnjẹ rẹ̀! Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Ará ilé ni àwọn aláàdúrà bí ìyá yìí lóòótọ́. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú ń pa èèyàn bí ẹni ń pa eṣinṣin, inú ìjọ Áńgílíkà ti St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde ni J. B. Ṣadaré àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà, tí wọ́n pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Ní 1925, Moses Orímọ́ládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, ọmọdébìnrin tí ìdílé rẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ ohun tó di Kérúbù àti Séráfù. Inú Kérúbù àti Séráfù ni Josiah Akíndayọ̀mí wà kó tó dá ìjọ tó di Rìdíìmù sílẹ̀ ní 1952. Nítorí náà, ọmọ Rìdíìmù tó bá ń fi aláṣọ funfun ṣe yẹ̀yẹ́, kó rántí pé ilé tí wọ́n ti bí baba òun ló ń bú. (Àwọn aláṣọ funfun náà kò gbẹ́yìn o, mo ti gbọ́ ìwàásù wọn lórí àwọn tó ń wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run.)

Ẹnì kan lè ní: ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ló yà wá, a ò lè dákẹ́ sí i. Ó dára. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ilẹ̀ Agége yìí gan-an lè jẹ́rìí. Jacob Kẹ́hìndé Coker, àgbẹ̀ oníkòkó ńlá ní Ìfàkò, wà lára àwọn tó ṣíwájú àwọn tó jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà St. Paul's, Breadfruit, l'Ékòó, ní 1901, tí wọ́n dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀. Kí ló lé wọn jáde? Mẹ́talọ́kan kọ́. Ìtẹ̀bọmi kọ́. Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell ló ní kí James Johnson, àlùfáà wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di igbákejì bíṣọ́ọ̀bù, kúrò ní Breadfruit, àwọn ọmọ ìjọ sì ní ìwọ̀sí ni wọ́n fi lọ ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ìwé àdúrà Áńgílíkà ni wọ́n gbé dání lọ, aṣọ oyè kan náà ni àwọn àlùfáà wọn ń wọ̀. Johnson tí wọ́n torí rẹ̀ jà kò tilẹ̀ bá wọn lọ. Inú Áńgílíkà ló kú sí. Ìjà ẹni tí yóò mú ọ̀bẹ ni. Ó tọ́ kí wọ́n jà á, n kò bá wọn wí. Àwọn alágbàṣe tó wá láti ìlú òkè sí oko Coker kọ́ bí wọ́n ti ń gbin kòkó, wọ́n kọ́ Bíbélì, wọ́n sì gbé méjèèjì lọ sí ìlú wọn; èrè ìjà náà hàn sí gbogbo ayé. Àmọ́ bí ìjà agbára bá ti pẹ́ nílẹ̀, aṣọ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ni yóò wọ̀, àwọn ọmọ ọmọ á sì máa rò pé Ọlọ́run ló ya àwọn nípa. Lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì méjì lè wà lójú pópó kan náà ní Oko Ọba, kí pásítọ̀ méjèèjì máa sọ pé ìran ló pín àwọn, nígbà tó jẹ́ pé ìwé ilẹ̀ àti àpò owó ìdámẹ́wàá ló pín wọn. Bó bá wá dé kóòtù, ó parí, nítorí a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Ẹ̀kọ́ tó ya ni lóòótọ́ tún wà, òun ni òwe ọ̀nà kan ò wọjà kò lè yanjú. Mo mú ti kuiníìnì. Lẹ́yìn ìsọjí tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní 1930, àwọn olórí aláàdúrà ránṣẹ́ pe ìjọ Àpọ́sítélì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó ajíhìnrere méjì, George Perfect àti Idris Vaughan, dé ní 1932. Nígbà tó yá, àwọn aláàdúrà rí i pé àwọn òyìnbó yìí ń lo kuiníìnì nítorí ibà. Àwọn tó ti fi oògùn sílẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́, tí àwọn kan nínú wọn ti pàdánù ọmọ torí ẹ̀, ni ẹ fẹ́ kó dákẹ́? Wọn kò dákẹ́. Nígbà tí yóò fi di 1941, wọ́n ti pín sí méjì: àwọn kan dúró pẹ̀lú ìjọ Àpọ́sítélì, àwọn Babalọlá, D. O. Ọdúbánjọ àti I. B. Akínyẹlé bọ́ sí ọ̀nà tiwọn, èyí tí a mọ̀ sí Christ Apostolic Church (CAC).

Èmi rò pé àwọn òyìnbó ló jàre lórí kuiníìnì, mo sì lè sọ ọ́ níwájú ọmọ CAC èyíkéyìí. Ọmọ tí ibà gbé dálẹ̀ kò ní àkókò fún ọ̀rọ̀ ọ̀nà púpọ̀. Níbi tí ẹ̀kọ́ bá ti lè pa èèyàn, tàbí tó lè jẹ́ kí pásítọ̀ gba gbogbo ohun tí opó ní, dídákẹ́ kì í ṣe ìfẹ́. Ẹ jiyàn, ẹ jiyàn kíkankíkan. Àmọ́ ẹ wo I. B. Akínyẹlé yìí dáadáa. Òun ni ààrẹ CAC, òun náà ni ó di Olúbàdàn ní 1955. Alexander Babátúndé Akínyẹlé, ọmọ ìyá rẹ̀, ni bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ fún ìpínlẹ̀ Ìbàdàn, òun ló dá Ìbàdàn Grammar School sílẹ̀ ní 1913. Ìkan kò fẹ́ oògùn, ìkan ń wọ aṣọ bíṣọ́ọ̀bù. Kò sí èyí tó fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí èkejì, orúkọ baba kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́ títí ilẹ̀ fi gbà wọ́n. Bí ìyàtọ̀ bá tóbi tó báyìí láàárín ọmọ baba kan, tí ilé kò sì tìtorí ẹ̀ wó, kí ló wá dé tí ọmọ Mẹ́tọ́díìsì kò lè bá ọmọ Sẹ̀lẹ́ jókòó?

Àwọn kan ní àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí gbogbo ìjọ para pọ̀ di ọ̀kan. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ rí. Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Prẹsibitéríà ti ń bá ara wọn sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ti dá ọjọ́ sí December 1965, àwọn èèyàn ti ń múra. Ọjọ́ ku díẹ̀ ni wọ́n sún un síwájú, sísún yẹn náà ni títí dòní. Kò dùn mí púpọ̀. Ìṣọ̀kan tí àwọn olórí bá fọwọ́ sí lókè, tí ọmọ ìjọ nísàlẹ̀ kò sì tíì lè jẹ oúnjẹ ọmọ ìjọ kejì, bébà lásán ni. Ti àwọn Onítẹ̀bọmi tẹ́ mi lọ́rùn jù ú lọ. Ní 1888 ni àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí bínú jáde kúrò lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ní Èkó, David Vincent, tó padà di Mojọlá Agbébí, wà lára wọn. Kò sẹ́ni tó fagbára mú wọn padà. Ní 1914, nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àpapọ̀ Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn tó jáde àti àwọn tó dúró jọ wà níbẹ̀, Agbébí ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ló mú pásítọ̀ àti ilé ìjọ rẹ̀ dání. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra.

Nínú ilé wa, ìgbéyàwó àti òkú ni ìyàtọ̀ yìí ti ń dun èèyàn jù. Ìyàwó tí wọ́n ti tẹ̀ bọmi ní kékeré, ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbéyàwó ni ìjọ ọkọ yóò ní dandan ni kó tún wọnú omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ìwé ẹ̀rí. Mo mọ ohun tí pásítọ̀ yóò sọ: bí mi ò bá gbà pé ìtẹ̀bọmi ọmọdé jẹ́ ìtẹ̀bọmi, ṣé kí n purọ́ ni? Rárá, má purọ́. Kọ́ ọmọbìnrin náà, kó bi ọ́ léèrè, kó lọ bi àlùfáà tó wọ́n omi sí i lórí náà léèrè. Bó bá gbà ọ́ gbọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, tẹ̀ ẹ́ bọmi. Èyí tó wọnú omi nítorí aṣọ ìgbéyàwó tó ti rà, ọjà lẹ jọ ná, kì í ṣe ìgbàgbọ́. Ti òkú tún burú. Ìyá á kú ní Oko Ọba, ìkan nínú àwọn ọmọ wà ní Kátólíìkì, ìkan ní Dípà, ìkan ní Kérúbù, gbogbo wọn á sì fẹ́ kí pásítọ̀ tiwọn sin ín. Ìdájọ́ tèmi lórí èyí kúrú: ìjọ tí òkú ń lọ nígbà tó wà láàyè ni kó sin ín, kí àwọn yòókù wá gẹ́gẹ́ bí ọlọ́fọ̀.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àdúgbò wa, mo bẹ̀ yín, ẹ yé lo gbohùngbohùn orí òrùlé láti bú ìjọ tó wà ní òdìkejì títì. Ẹni tí ẹ ń bú kò lè fèsì níbẹ̀, agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí ìyá ọmọ ìjọ yín bá kú nínú ìjọ mìíràn, ẹ lọ síbi ìsìnkú. Bó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà, ẹ bọ́ bàtà yín, kí ẹ jókòó ti àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ títí ìsìn yóò fi parí. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, tí ẹ bá fẹ́ bá wòlíì ibẹ̀ jiyàn lórí àbẹ́là, lórí oògùn tàbí lórí ìtẹ̀bọmi, ẹ kàn sí i, ẹ mú Bíbélì dání, kí ẹ sì jẹ́ kí òun náà sọ tẹnu rẹ̀ tán.