Lẹ́tà sí ẹ̀yin tí ẹ ń ní kí ọmọlọ́mọ fara dà á

Ẹ̀yin dókítà eyín, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, àti gbogbo ẹ̀yin tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí,

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tọ́jú eyín ní agbègbè Ìkìrun. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, a máa ń sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ láàárín ara wa, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Òkukù nígbà òjò tó kọjá kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́.

Ọmọbìnrin náà lọ pààrọ̀ wáyà bíréèsì rẹ̀, irin tí wọ́n fi ń to eyín rẹ̀, ó wọkọ̀ padà sí Òkukù. Kò pẹ́ tí orí wáyà fi yọ lẹ́yìn eyín tó gbẹ̀yìn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Ó pe ilé ìtọ́jú tó ń lọ, tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ní kó fara dà á, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń lo bíréèsì tí kì í ní ìrora, kó dúró di ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ọjọ́ náà ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú, wáyà ti wọnú ẹran, ojú egbò funfun, etí rẹ̀ pọ́n yòò. Mo rí ohun kan tó lẹ̀ mọ́ irin náà. Àbẹ́là ni. Ó ti gbọ́ pé ìda la fi ń bo wáyà tó bá ń gún ni, kò sì sẹ́ni tó fún un ní ìda, ló bá ń ha àbẹ́là sẹ́nu. Bó bá ti la ẹnu sọ̀rọ̀, á já bọ́ sórí ahọ́n. Ògì nìkan ló ń rí mu.

Mo gé wáyà náà. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Nǹkan tí kò tó ìṣẹ́jú kan ni ọmọ yẹn fi jìyà bẹ́ẹ̀, òun ló sì ń bí mi nínú di òní. Ìrora méjì ló wà, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Èyí tí eyín ń fà nígbà tó bá ń rìn máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ tí a bá fún wáyà tán, á le lọ́jọ́ kejì, á sì rọlẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ìyẹn la lè ní kí èèyàn fara dà, pẹ̀lú Panadol, oúnjẹ rírọ̀ àti omi tútù. Omi tútù gan-an kì í ṣe ìtùnú lásán: àwọn kan wà nínú wáyà nickel-titanium tí à ń lò báyìí tó jẹ́ pé ooru ẹnu ló ń fún wọn lágbára, tí omi tútù bá kàn wọ́n, wọn a dẹ̀ fúngbà díẹ̀. Aláìsàn mélòó lẹ ti sọ èyí fún? Ìrora kejì ni ti irin tó ń gún ẹran. Bí eyín ṣe ń tò ni wáyà ń yọ sẹ́yìn sí i, ìfaradà kan kò sì lè dá a padà. Ìbéèrè kan péré ni ẹni tó gbé fóònù ì bá bi í: ṣé eyín ló ń dùn ọ́, àbí irin ló ń gún ọ?

Ọmọ náà mú ìwé tí wọ́n fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wá. Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀. Ìwé náà ní kó máa jẹ yoghurt, kó má ṣe gé apple jẹ lódindi. Ta ló ń jẹ apple lójoojúmọ́ ní Òkukù? Àgbàdo sísun tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì láti Ìkìrun dé Inísà kò sí níbẹ̀. Kúlíkúlí kò sí níbẹ̀, ìrèké kò sí níbẹ̀, eegun ẹran tí a máa ń fọ́ jẹ kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí ló ń ṣí irin kúrò lára eyín. Ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà tó jinná dáadáa, àmàlà àti ewédú tí ata rẹ̀ kò pọ̀: kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò kọ ìwọ̀nyí sílẹ̀? Ìyá ọmọ náà, tó ń gbé ní Inísà, kò lè ka ìwé yẹn. Òun ló ní kó máa fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ẹnu, ìmọ̀ràn yẹn ló sì dára jù nínú gbogbo èyí tí ọmọ náà rí gbà.

Bí a bá sì ti dá àwọn aláìsàn padà báyìí, ilé kẹ́míìsì ló kàn. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti po oríṣiríṣi hóró oògùn pọ̀ sínú ọ̀rá fún wọn, tí ibuprofen lè wà nínú rẹ̀. Ìwádìí lára ẹranko ti fi hàn pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè dín ìrìn eyín kù. Torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe fara mọ́ paracetamol. Àwa mọ̀. Àwọn tó ń gbé e mì kò mọ̀.

Mo ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹnì kan nínú wa pé ẹni tó bá fẹ́ ẹwà gbọ́dọ̀ jìyà díẹ̀. Olóòlà ayé àtijọ́ pàápàá, omi ìgbín kì í jìnnà sí abẹ rẹ̀. Ẹwà ni wọ́n torí ẹ̀ wá bá òun náà, síbẹ̀ kò fi ojú egbò sílẹ̀ lófìfo.

Mo mọ èsì tí ẹ máa fún mi. Ẹ ó ní a kò pọ̀ tó, pé àwọn tó mọṣẹ́ ti bá ọ̀nà Ìlú Ọba lọ, pé owó dọ́là ló ń gbé irin àti ìda wọ̀lú. Òótọ́ ni. Mo tún gbà pé ọwọ́ ẹni tó lẹ irin ọmọ yẹn dá ṣáṣá. Eyín iwájú tó gun orí ara wọn ti ń tò. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè to eyín báyẹn lè fi ìka tọ́ ẹ̀yìn ẹnu wò kó tó ní kí aláìsàn dìde lórí àga.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Kí ìda wà lọ́wọ́ kálukú kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ lédè tí òun àti ìyá rẹ̀ gbọ́. Kí ẹ̀yin tó wà ní Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn sì fọ̀nà kan sílẹ̀ tí àwa tí a wà nítòsí àwọn aláìsàn lè fi gbà wọ́n sílẹ̀ bí nǹkan bá yíwọ́. Bí a ó ṣe ṣètò rẹ̀, ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ́.

Ọmọ náà bi mí pé, "Mà, ṣé kí n sọ fún wọn pé ẹlòmíràn ló gé e? Kí wọ́n má bínú sí mi." Mo ní kó sọ. Bó bá dé orí àga yín, tí ẹ rí i pé wáyà rẹ̀ ti kúrú, èmi ni mo gé e. Ẹ wá bá mi sọ ọ́ ní Ìkìrun.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì eyín kan ní Ìkìrun