Nọ́ọ̀sì Tí Ó Fẹ́ Gboyè Lẹ́nu Iṣẹ́
Àbúrò mi tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ọ̀tùn-Èkìtì fẹ́ gboyè láì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní kí ó wo NOUN, yunifásítì tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1983, tí wọ́n tì pa ní 1984, tí ó tún ṣí ní 2002. Nọ́ọ̀sì tí ó ti ní ìwé-àṣẹ ni wọ́n ń gbà sí ẹ̀ka náà. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé mi, orí fóònù kọ́ ni gbogbo rẹ̀: ibùdó ẹ̀kọ́, bí èyí tí ó wà ní Adó-Èkìtì, ni a ti ń ṣe ìdánwò. Ta ni yóò bá a dúró ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà? Lójú tèmi, ìyẹn wúwo ju owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Kí ó tó san kọ́bọ̀, kí ó bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́, kí ó sì gbà á sílẹ̀ lórí ìwé.