Ìlù tí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ ló gbé Dúró Ládípọ̀ dé Berlin

Bí ọmọ kan bá sọ nílé lónìí pé òun ń lọ síbi ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí ìyá ẹ̀ máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Èló ni wọ́n fẹ́ fún ẹ níbẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni, torí kò sẹ́ni tó ń fi ìpàdé ra gàárì. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ pé fọ́tò ni wọ́n ń lọ yà, wọ́n á mu ẹlẹ́rìndòdò tán, ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ìyá tó lé ọmọ náà padà sínú yàrá, ẹ jẹ́ ká rántí tíṣà kan tó kúrò l'Óṣogbo lọ bá irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1961.

Dúró Ládípọ̀ lorúkọ tíṣà ọ̀hún. Àwọn tó jẹ́ pé ìgbà tó ti di Ṣàngó lórí ìtàgé ni wọ́n mọ̀ ọ́n, lè má mọ̀ pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà ni bàbá tó bí i, orin ìjọ lòun náà sì ń kọ. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé orin òyìnbó tí wọ́n kàn fi ọ̀rọ̀ Yorùbá bò lójú kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó bá gbọ́ èdè wa dáadáa á mọ ohun tó ń dun ọkùnrin náà. Ohùn hímù òyìnbó á máa lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ń lọ sílẹ̀, ohun tí wọ́n ní kí ìjọ kọ á sì di nǹkan mìíràn lẹ́nu wọn. Lásìkò Ọdún Àjíǹde 1961, Ládípọ̀ kó ìlù ilẹ̀ wa wọ orin tó ṣe fún ìjọ l'Óṣogbo. Háà! Àwọn kan fárígá nínú ìjọ. Ìlù tí wọ́n mọ̀ mọ́ òrìṣà, kí ló ń wá nílé Ọlọ́run?

Ibi tí ẹlòmíì ti máa dákẹ́ nìyẹn. Ọmọ ìjọ ni, ìjọ ò sì fẹ́ ìlù ẹ̀. Kó jókòó jẹ́jẹ́, kó máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ABD, ṣé ìyẹn náà ò tó?

Ọdún kan náà làwọn ọ̀dọ́ kan dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ n'Ìbàdàn, nítòsí ọjà Dùgbẹ̀, nínú ilé kan táwọn ará Lẹ́bánónì ti ń ta oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀: Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo, J.P. Clark. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọmọ bí ọdún 27 ni Ṣóyínká, Achebe jẹ́ bí 30. Ẹ̀bùn Nobel tí Ṣóyínká gbà lọ́dún 1986 ṣì jìnnà réré. Achebe ni wọ́n ní ó mú orúkọ náà wá látinú èdè Ìgbò, ilé ọnà tí wọ́n máa ń mọ fún òrìṣà ilẹ̀ lápá Owerri ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ń fi àwòrán kọ́ ara ògiri, wọ́n ń ṣeré nínú àgbàlá, wọ́n ń ka ewì síra wọn létí, wọ́n sì ń tẹ ìwé ara wọn jáde.

Ulli Beier, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló wà nídìí ètò náà. Owó tí wọ́n ń ná ńkọ́? Ẹ fara balẹ̀, òfófó ńlá wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Congress for Cultural Freedom, tí olú ilé ẹ̀ wà ní Paris, ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tó máa fi di 1967, àṣírí ti tú pé àwọn CIA, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ló ń ti ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ ọ̀hún lówó. Ṣóyínká àtàwọn yòókù ní àwọn ò mọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dùn wọ́n gan-an.

Lápá ìparí 1961, Ládípọ̀ kó orin àti ìlù ẹ̀ lọ sí Mbari. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó gbé ìlù síta. Nǹkan tó wà níbẹ̀ tó yẹ ká fọkàn sí ni pé èdè òyìnbó ni púpọ̀ nínú àwọn tó bá níbẹ̀ fi ń kọ̀wé, tiẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹlòmíì ì bá tìtorí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá gírámà kiri kó lè bá wọn pé. Ládípọ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú lọ́dọ̀ wọn ni pé èèyàn lè nílé tiẹ̀, tí kò ní í máa tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà ìjọ kankan.

Ó ní ilé ọtí kan l'Óṣogbo. Òun ló sọ di ilé eré, ní oṣù kẹta ọdún 1962. Orúkọ wá di ọ̀rọ̀, torí àwọn ará Òṣogbo ò gbọ́ Ìgbò. Bí wọ́n ṣe gbọ́ Mbari, wọ́n yí i sí Yorùbá, wọ́n ní Mbárí Mbáyọ̀, ìyẹn ni pé bí mo bá rí i, màá yọ̀. Orúkọ táwọn ará ọjà sọ ọ́ ló mọ́ ọn lórí.

Àwọn kan máa ń sọ pé iṣẹ́ Beier ni gbogbo ẹ̀. Ká má tan ara wa, òyìnbó náà gbìyànjú, òun ló mọ ọ̀nà tówó ń gbà wọlé àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà débi àjọ̀dún ìlú òyìnbó. Ṣùgbọ́n Beier kọ́ ló mọ oríkì Ṣàngó, òun kọ́ ló ń da òṣèré sẹ́yìn títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n fi ṣílé lọ́dún 1962, ìtàn Aláàfin tó ní kí ọdẹ lọ mú àwọn tí wọ́n pè ní iwin. Ọba Kò So tẹ̀ lé e lọ́dún 1963, ni ojú bá là kedere. Lọ́dún 1964, ó gbé eré náà lọ sí Berlin, ó tún gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1965. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é níwájú àwọn òyìnbó, àwọn yẹn ò gbọ́ èdè náà, wọ́n sì jókòó wò ó dé ìparí. Ìlù tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń dún níbẹ̀!

Ilé ọtí àná yẹn sì tún bí ọmọ mìíràn. Lọ́dún 1964, Georgina Beier kó àwọn ọ̀dọ́ jọ síbẹ̀ láti kun àwòrán fún ọjọ́ díẹ̀. Kì í ṣe àwọn tó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga ni wọ́n, òṣèré Ládípọ̀ làwọn mìíràn. Jìmọ́ Bùráímọ̀, tó ń bójú tó iná lórí ìtàgé, wà lára wọn, òun ló padà di gbajúmọ̀ tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán. Táíwò Ọláníyì, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, ti ń jó kiri fún ẹni tó ń ta oògùn kó tó yà síbẹ̀. Kò bá olóògùn lọ mọ́. Lọ́dún 2005, UNESCO fi í joyè Akọṣẹ́ Ọnà fún Àlàáfíà, ó sì ń kun àwòrán títí tó fi kú lọ́dún 2011.